Ẹ̀ṣẹ́ Ni Mo Kọ́, Orin Ni Mo Lọ Kọ

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fa ìjókòó sún mọ́bí. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó máa jẹ ẹ́ bọ̀. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ń pariwo, kó bá mi pa á lẹ́nu mọ́ díẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń ronú lórí iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, mo sì gbọ́ pé àwọn kan nínú yín fẹ́ ṣe méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò ní bá yín jà. Èmi ti jà tó. Ìtàn tèmi ni mo fẹ́ sọ, kí kálukú mú èyí tó bá wúlò fún un níbẹ̀.

Ràṣídì ni orúkọ mi. Ọmọ Ọ̀jọ́ ni mí, nílé àti lóko. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ ládùúgbò yìí mọ̀ mí sí Hámà. Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ni mí, ó sì lé ní àádọ́ta ọdún tí mo fi jẹun nídìí ẹ̀ṣẹ́: mo kọ́kọ́ jà á, lẹ́yìn náà mo wá ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Láàárín gbogbo ọdún yẹn, oṣù díẹ̀ péré ni mo fi yà kúrò lójú ọ̀nà. Oṣù díẹ̀ yẹn ni àwọn èèyàn fi ń rántí mi jù.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ ò gùn. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, mo ń ru ẹrù sókè ọkọ̀ ní Okokomaiko. Ọkùnrin kan rí mi níbi tí mo ti fẹ́ bá olórí àwọn aláàárù wọ̀yá ìjà, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Iye tí mo wá ń gbà nígbà tó yá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ó bọ́ ilé, ó tó.

Kóòṣì Gàníyù ni ọkùnrin náà. Ṣọ́jà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n Ìbà ni wọ́n kọ́lé sí, nígbà tí Ìbà ṣì jẹ́ ìlú kékeré tí akẹ́kọ̀ọ́ kankan ò tíì wá gba yàrá níbẹ̀. Ẹ̀yìn ilé wọn ni àgbàlá tí a ti ń kọ́ṣẹ́ wà. Ilẹ̀ yẹ̀pẹ̀ ni, pẹ̀lú igi máńgòrò kan, àpò ìrẹsì tí a rọ lẹ́búlẹ́bú pákó àti àkísà kún tí a ń lù, àti okùn tí a ta yí òpó mẹ́rin ká láti fi ṣe ríìngì.

Odindi oṣù mẹ́fà, mi ò ju ẹ̀ṣẹ́ kan sí ẹnikẹ́ni. Mo ń gbálẹ̀. Mo ń pọnmi. Mo ń sáré láti Ìbà dé Okokomaiko, mo ń yí padà kí oòrùn tó gbóná. Tí mo bá dé, ó kan agolo. Agolo mílíìkì lásán ni, ṣùgbọ́n Kóòṣì ti rọ yẹ̀pẹ̀ kún inú rẹ̀, wọ́n fi okùn so ó rọ̀ mọ́ ẹ̀ka máńgòrò, ní déédéé iwájú orí mi. Wọ́n á tì í, á lọ, á sì padà wá sí ojú mi. Iṣẹ́ mi ni kí n yẹ orí fún un. Mi ò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀, mi ò sì gbọdọ̀ di ojú.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, iwájú orí mi ti wú kí n tó kà dé mẹ́wàá.

“Kóòṣì, ó ti bà mí!”

“Ta ló bà ọ́?”

“Agolo ni, sà.”

“Agolo tí kò lójú, tí kò lọ́wọ́, tí kò jẹun láàárọ̀, òun ló nà ọ́? Ó dáa, bẹ̀ ẹ́. Sọ fún un pé, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá agolo, ẹ má nà mí mọ́.”

Mo rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Wọn ò ṣeré. Mo dọ̀bálẹ̀ fún agolo lójú gbogbo ọmọ àgbàlá, mo sì bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo dìde, Kóòṣì sún mọ́ mi, ohùn wọn wá lọ sílẹ̀. “Ohunkóhun tó bá wá dúró níwájú ojú rẹ, ọ̀tá ni. Má bá a dúró.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú egungun mi. Nígbà tí ọdún kan fi máa pé, tí ìyá mi bá na ọwọ́ láti fi nu òógùn lójú mi, orí mi ti yẹ̀ kí n tó mọ̀.

Àṣà kan wà ní àgbàlá yẹn tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín, kí ẹ lè mọ ibi tó ti dùn mí. Kí abẹ̀ṣẹ́ tó wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n máa ń di báńdéèjì mọ́ ọwọ́ rẹ̀, kí egungun má baà ṣẹ́. Kóòṣì fúnra wọn ló ń di tiwa, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á ní, “Mú ọwọ́ wá,” wọ́n á sì máa dì í díẹ̀díẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti kọ̀, wọn kì í lé e lọ. Wọ́n kàn máa ju báńdéèjì sí i ni pé kó di ọwọ́ ara rẹ̀. Mo ti rí ọkùnrin bí igi ìrókò tó ń sunkún nítorí ìyẹn. Kò sí èyí tó lò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ kó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Èmi ò sunkún nígbà yẹn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń di tèmi. Mo jà, mo pàdánù díẹ̀, mo borí púpọ̀. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mo gba bẹ́líìtì. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀: mi ò gbà á nípa pé wọ́n ka máàkì fún wa. Mo gbé ẹni tí mo bá jà sùn ní ráùn kẹfà, ṣangiliti ni mo sì jáde níbẹ̀, ojú mi ò wú. Ẹni tó bá wò mí lọ́jọ́ náà á rò pé àríyá ni mo ti ń bọ̀.

Wọ́n gbé mi yí gbogbo Ọ̀jọ́ ká nínú ọkọ̀ tí wọn ò bo ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí a dé Okokomaiko, ẹnì kan gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ, ni mo bá kọrin. Mo tibẹ̀ ṣe é lójú ẹsẹ̀:

“Hámà dé o, ẹ ṣílẹ̀kùn,
ọ̀tún ni mo fi kí i, òsì ló fi sùn.”

Ariwo sọ. Àwọn obìnrin ń gbé e lẹ́yìn mi, àwọn awakọ̀ ń fọn fèrè ọkọ̀. Mo wo ọ̀pọ̀ èèyàn yẹn, mo sì gbà lọ́kàn mi pé ohùn mi ni wọ́n ń yọ̀ fún.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Alhaji kan tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ní Alábà wá sílé mi. “Hámà, ohùn rẹ ń ta,” ni wọ́n wí. “Ṣe orin mẹ́fà péré fún mi. Bí o bá fẹ̀yìn tì nídìí ẹ̀ṣẹ́ lọ́la, o ti ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́.” Mo mú ọ̀rọ̀ náà tọ Kóòṣì lọ. Oṣù mẹ́ta ló kù kí n tún jà, kí n lè pa bẹ́líìtì náà mọ́ lọ́wọ́ ọmọ Múṣin kan tó ń bọ̀ kíkankíkan.

Kóòṣì gbọ́ ọ dé òpin. “Ẹ̀ṣẹ́ rẹ ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún,” ni wọ́n wí. “Kì í ṣe ọ̀fun rẹ.”

“Kóòṣì, ọ̀sán nìkan ni mo máa fi lọ, sà. Mo máa wà níbí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.”

Wọn ò jiyàn. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó kàn mí láti na ọwọ́ síwájú, wọ́n ju báńdéèjì lé mi láyà. “Di ọwọ́ ara rẹ, olórin.” Ojú tì mí, ṣùgbọ́n agídí ṣe mí. Mo dì í. Mo dì í bàjẹ́, ó ń tú, mo tún un dì. Ọ̀sán ọjọ́ náà, mo lọ sí sítúdíò.

Ilé òkè kan ní Ajangbadi ni sítúdíò yẹn wà, wọ́n lẹ páálí ẹyin mọ́ gbogbo ògiri rẹ̀. Ẹnjiníà Káyọ̀dé ló ni ín, ọ̀dọ́mọkùnrin tó tínrín, oníwà pẹ̀lẹ́. Ó gbé maikì síwájú mi, ó lọ jókòó sẹ́yìn gíláàsì, ó ní kí n máa kọ ọ́. Mo la ẹnu. Bí mo ṣe rí irin dúdú yẹn tó dúró níwájú ojú mi báyìí, orí mi yẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún. Mo dá a padà. Ó yẹ̀ sí òsì.

“Ọ̀gá Hámà,” Káyọ̀dé ké láti inú, “ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń lé yín? Ohùn yín ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tó ń kọrin lórí jangirọ́fà!”

A tún bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ibi tí ìlù bá ti ró, mo ń fi imú mí “fíìn!” bí abẹ̀ṣẹ́ ṣe máa ń mí tó bá ju ẹ̀ṣẹ́. Ọmọ tó ń ta gìtá dojú bolẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo bi í pé kí ló ń ṣe é, ó ní ikọ́ ni.

Ohun kẹta ló ya Káyọ̀dé lẹ́nu jù. Tí mo bá ti kọrin dé ibì kan, mo máa dákẹ́ lójijì ni, ẹsẹ̀ mi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìjókòó. Ó wo aago rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ó wò ó nígbà kejì. “Ìṣẹ́jú mẹ́ta géérégé! Ẹ ò wo aago, ta ló ń sọ fún yín?” Kò sẹ́ni tó ń sọ fún mi. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ráùn kan. Ara mi ò mọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti mímí, a fi í sílẹ̀. Ti ìṣẹ́jú mẹ́ta, a fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ti orí, Káyọ̀dé ní àfi ká wá nǹkan ṣe sí i. Ó gbé mi ti ògiri, ó fi tówẹ̀lì gba iwájú orí mi, ó sì so etí tówẹ̀lì náà mọ́ irin fèrèsé lẹ́yìn mi. “Ẹ má bínú, ọ̀gá mi. Títí ara yín á fi gbàgbé.” Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi kọrin báyẹn, lọ́sọ̀ọ̀sán. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó tú tówẹ̀lì, mo kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orí mi ò mì. Káyọ̀dé fò sókè. Inú èmi náà dùn. Mo rò pé mo ti kọ́ iṣẹ́ kejì.

Kásẹ́ẹ̀tì jáde. Wọ́n fi àwòrán mi síwájú rẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ kan àti maikì lọ́wọ́ kejì. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi lù ú ní Okokomaiko. Lọ́jọ́ kẹta, mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń lù ú, bí ọlọ́jà ṣe rí mi ló yára pa á, ó ní iná ló lọ. Iná ò lọ, fáànù rẹ̀ ń yí. Sikírá ìyàwó mi, tí kì í purọ́ fún ẹnikẹ́ni, bá mi jókòó. “Bàbá Àlímọ̀, mo fẹ́ràn yín gan-an. Ẹ bá mi kọ ọ́ níta. Ẹ má kọ ọ́ nílé mọ́, ọmọ ò lè sùn.”

Mo fi ẹ̀rín bò ó. Mo ní kó jẹ́ kí n jà ná, tí mo bá borí, wọ́n á rà á.

Ọjọ́ ìjà dé. Kóòṣì wà ní igun mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríìngì, nítorí wọ́n ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni wọ́n ní kó di ọwọ́ mi. Bí mo ṣe ń wọlé, àwọn ará Múṣin dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin mi sí mi: “Hámà dé o, ẹ ṣílẹ̀kùn!” Wọ́n tilẹ̀ ń mí “fíìn” sí i. Ìyẹn ò pa mí lára. Mo ti gbọ́ èébú tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ráùn kẹrin, ọmọ náà ju ọwọ́ òsì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo rí i. Láti ìgbà tó ti gbé èjìká ni mo ti rí i. Ẹ̀ṣẹ́ tí mo lè yẹ̀ fún nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún ni. Orí mi ò lọ. Ó dúró síbẹ̀ gbọnin, bí ẹni pé tówẹ̀lì Káyọ̀dé ṣì wà níbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ yẹn bọ̀ bí ẹni tó ń wo maikì. Ohun tí mo tún rí lẹ́yìn ìyẹn ni gílóòbù òkè ilé.

Nínú yàrá tí a ti ń pa aṣọ dà, Kóòṣì gbé àgbọ̀n mi sókè. Wọ́n yí orí mi sí ọ̀tún, wọ́n yí i sí òsì, bí ẹni tó ń wo kọ́kọ́rọ́ tó dípẹtà. “Ta ló so orí rẹ mọ́lẹ̀?” Ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n bi mí nìyẹn. Wọn ò dé sítúdíò rí, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún wọn. Mo ṣàlàyé. Wọ́n dìde, wọ́n jáde. Ibẹ̀ ni mo ti wá sunkún.

Bẹ́líìtì ti lọ. Alhaji Alábà ò wá kí mi. Nígbà tí ojú mi jiná, mo padà sí àgbàlá láàárọ̀ kùtùkùtù, mo mú báńdéèjì, mo di ọwọ́ ara mi, mo sì lọ dúró nídìí agolo pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Kóòṣì ò lé mi. Wọn ò sì bá mi sọ̀rọ̀. Oṣù márùn-ún ni mo fi di ọwọ́ ara mi. Tí mo bá sọ fún yín pé mi ò ronú àtilọ, irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibo ni mo fẹ́ lọ? Mi ò fẹ́ bẹ́líìtì náà tó bí mo ṣe fẹ́ kí ọkùnrin yẹn tún fi báńdéèjì di ọwọ́ mi.

Lọ́jọ́ kan ni Káyọ̀dé dé. Wọ́n ti sọ fún un ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ríìngì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Kóòṣì nínú yẹ̀pẹ̀.

“Ìwọ lo so orí ọmọ mi mọ́ fèrèsé?”

“Èmi ni, Bàbá. Ẹ dárí jì mí. Ohùn ni mò ń wá, mi ò mọ̀ pé ẹ̀mí rẹ̀ ni mò ń so.”

“Orin náà tilẹ̀ dáa?”

Káyọ̀dé wò mí, ó wo ilẹ̀. “Kò dáa, Bàbá. Ṣùgbọ́n mi ò rí irú rẹ̀ rí. Gbogbo orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Mi ò gé e, mi ò fà á gùn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dúró níbẹ̀.”

Mo rí i tí ojú Kóòṣì yí padà. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, aago ọwọ́ tí wọ́n fi ń ka ráùn fún wa ti bọ́ sínú garawa omi, ó ti kú. Ojú inú ni wọ́n fi ń kà á, wọ́n á sì wá fi ṣíbí lu ríìmù ọkọ̀ pé ó ti pé, a sì ń ṣàròyé pé ráùn wa ń gùn. Wọ́n rán èèyàn lọ gbé rédíò àti aago ògiri wá. Wọ́n ti kásẹ́ẹ̀tì mi bọ̀ ọ́. Wọ́n wo aago títí orin àkọ́kọ́ fi parí. Wọ́n wo ìkejì. Ní ìkẹta, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí wọn lẹ́nu, wọ́n ń gbé e mì.

“Ẹnjiníà, lọ ṣe òmíràn fún mi. Fi ìṣẹ́jú kan tí kò ní ariwo sáàárín wọn, kí wọ́n lè fi sinmi.”

Bí orin mi ṣe di aago àgbàlá nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Káyọ̀dé gbé e dé, ohùn mi bú jáde nínú rédíò pé Hámà dé o, gbogbo ọmọ àgbàlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu àpò. Nígbà tí mo dákẹ́ nínú rédíò, gbogbo wọn dáwọ́ dúró. Mo dúró síbẹ̀ láìmọ̀ bóyá kí n sá pamọ́ tàbí kí n gbé àyà sókè. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ tí Kóòṣì pè mí láti orí àpótí.

“Rási. Mú ọwọ́ wá.”

Mo na ọwọ́ sí wọn. Wọ́n tú èyí tí mo dì bàjẹ́, wọ́n tún un dì.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, mo gba bẹ́líìtì yẹn padà lọ́wọ́ ọmọ Múṣin. Òsì kan náà ló jù. Orí mi ti lọ kó tó dé. Ọdún mẹ́rin ni mo fi dè é mọ́dìí kí n tó gbé e sílẹ̀ fúnra mi, mo sì dúró ti Kóòṣì láti máa kọ́ àwọn ọmọ.

Irinṣẹ́ ti yí padà lójú mi. Àpò ìrẹsì di àpò aláwọ. Rọ́bà tí a ń fi ọ̀bẹ gé láti fi dáàbò bo eyín di èyí tí wọ́n ń rà nínú ọ̀rá. Kásẹ́ẹ̀tì di sídì, sídì di fóònù tó ń ké fúnra rẹ̀ tí ráùn bá pé. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi fóònù ya ara wọn, wọ́n sì ń rí àṣìṣe wọn kí n tó la ẹnu. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ká ní ó wà láyé tèmi ni, ǹ bá ti rí orí mi tó dúró gbọnin kí ọmọ Múṣin tó rí i. Àwọn ọmọ tó fi ohùn mi ka ráùn ti gba bẹ́líìtì káàkiri, ẹnìkan nínú wọn sọ fún mi pé ní ìlú òkèèrè tí òun ti ń jà, orin burúkú yẹn ṣì ń lọ nínú orí òun. Ẹ wá wo olórin tí orin rẹ̀ ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku ti ogún. Àwọn bẹ́líìtì mi wà lọ́wọ́ Àlímọ̀, ọmọ mi àgbà, ó gbé wọn kọ́ pálọ̀ rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ gan-an wà lọ́dọ̀ ọmọ Káyọ̀dé, tó ń ṣe iṣẹ́ bàbá rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Àgbàlá, mo ti fà á lé Basírá lọ́wọ́, obìnrin tó le jù nínú gbogbo àwọn tí mo kọ́. Àwọn ọmọbìnrin tó wá kàwé ní Ìbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ́ báyìí.

Bí àgbàlá yẹn ṣe di tèmi tí mo fi rí i fà lé Basírá lọ́wọ́ ni mo fi máa dákẹ́. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ Kóòṣì, àwọn ọmọ wọn pe ìpàdé, wọ́n sì ránṣẹ́ sí mi. Alhaja Mọ́rílíkátù, àkọ́bí wọn, ló ń pín in. Ilé iwájú jẹ́ ti àwọn ọmọ. Ọkọ̀ jẹ́ ti àbíkẹ́yìn. “Àgbàlá ẹ̀yìn,” ni wọ́n wí, “ti Bùọ̀dá Rási ni.”

Mo ní, “Alhaja, ṣé nígbà tí mo gba bẹ́líìtì padà ni Bàbá sọ ọ́?”

“Rárá o. Ó ti pẹ́ ṣáájú ìyẹn. Ìgbà tí ẹ̀ ń lọ kọrin kiri yẹn ni. Lọ́sọ̀ọ̀sán ni Bàbá máa jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n á máa bínú, wọ́n á ní kí n gbọ́ dáadáa, kí n má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ilẹ̀ yìí, pé tí òmùgọ̀ yẹn bá kọrin tán, kó rí ibi padà sí.”